Ǹjẹ́ Onígbàgbọ́ Lè Gbèjà Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́ Adigunjalè?

 

Ìbéèrè ọmọdékùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìsìn oṣù titun, nígbà tí à ń ká ẹní, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: "Bàbá, bí olè tó mú ìbọn lọ́wọ́ bá já wọlé tọ̀ mí wá, tí àdá mi sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ṣé kí n kúnlẹ̀ gbàdúrà ni, àbí kí n mú àdá?" Mo fẹ́ dá a lóhùn kíákíá, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ìdí tí ẹnu mi fi wúwo, n óò sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí, nítorí kò tọ́ kí n máa kọ́ ènìyàn ní ohun tí èmi fúnra mi ti kùnà nínú rẹ̀, kí n sì fi bò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn mìíràn lọ. Àwa aláṣọ funfun, òru ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Nígbà tí àwọn ìjọ mìíràn ti sùn, ìgbà náà ni àwa ń tan abẹ́là. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ó bọ́ bàtà, a ó wọ sùtánà, a ó sì gba ọ̀nà tí kò sí iná kọjá, àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Aṣọ wa ń tàn nínú òkùnkùn bí òṣùpá. Ẹni tó bá fẹ́ dá wa lọ́nà kò tilẹ̀ nílò tọ́ọ̀ṣì kó tó rí wa.

Mo ti gbọ́ èsì méjì sí ìbéèrè ọmọ yìí láàárín ìjọ, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú wọn.

Èkíní ni ti àwọn tó sọ pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọnin-gbọnin kò ní ìgbàgbọ́. Wọ́n ní kí a ṣáà ka Sáàmù 91, kí a wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó parí. Èmi náà ń ka Sáàmù 91, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Mátíù orí 4 wò. Ta ló ka Sáàmù yẹn fún Jésù lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì? Sátánì ni. Ó ní kí Olúwa fò sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbà á. Olúwa kò fò. Ó mọ̀ pé Baba lè gbà òun, síbẹ̀ àkàsọ̀ ni ẹni tó gbọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó burú jù nínú èsì yìí ni ohun tó ń ṣe fún ẹni tí ibi bá dé bá. Arábìnrin kan wà tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìhà Sábẹ́. Àwọn adánilọ́nà dá mọ́tò tó wọ̀ dúró, wọ́n gba gbogbo owó ọjà rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí ìbọn gbá a léjìká. Nígbà tó dé ilé ìjọsìn tó ń sunkún, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀?" Wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ìwẹ̀nùmọ́ ọjọ́ méje, bí ẹni pé òun ni olè. Ẹ dákun, ẹ ka Lúùkù orí 10. Ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ọ̀nà Jẹ́ríkò, Jésù kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó ṣẹ̀ fún wa. Ará Samáríà náà kò bi í. Òróró àti wáìnì ló dà sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nígbà tó ń ka ìyà tó ti jẹ lójú ọ̀nà nínú ìwé kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 11, ó ka ewu àwọn ọlọ́ṣà mọ́ ọn. Ta ni yóò sọ pé Pọ́ọ̀lù kò gbàdúrà tó?

Èsì kejì, abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Sùtánà lókè, ìgbàdí nísàlẹ̀. Àwọn ará wa kan ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lóru láti gba òkígbẹ́ kí àdá má baà ran wọ́n, wọ́n ń gba ayẹta nítorí ìbọn. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn baba ńlá àwọn ló ń lò ó. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí baba ńlá rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti kọ oògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a wọ aṣọ yìí, àti pé ayẹta ti pa ènìyàn púpọ̀ ju bó ti gbà là lọ, nítorí ẹni tó gbà pé ìbọn kò lè ran òun ni yóò máa rìn lọ pàdé ìbọn. Ó sì tún wà tí a ń fi ohun mímọ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mo ti rí ẹni tó ń ta áńkáṣíìfù tí a gbàdúrà sí, tó ní ọta kò ní wọ ẹni tó bá so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Ayẹta ni ìyẹn náà, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n fi wé e.

Kí wá ni ìwé mímọ́ fi hàn wá? Nehemáyà orí 4 ni mo máa ń rántí jù. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀ wá kọlu àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù. Wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n sì yan olùṣọ́ tọ̀sán tòru, méjèèjì nínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Ìdajì ń ṣiṣẹ́, ìdajì di ọ̀kọ̀ mú. Ẹni tó ń ru ẹrù fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, ó fi ọwọ́ kejì mú ohun ìjà. Fọnfèrè kan dúró ti Nehemáyà, pé níbikíbi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró fèrè, kí gbogbo wọn sáré lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé Nehemáyà jẹ́ aláìgbàgbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù. Ní Damásíkù, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lára odi lóru. Ní Jerúsálẹ́mù, nígbà tí àwọn tó ju ogójì ènìyàn lọ búra pé àwọn kò ní jẹ, àwọn kò ní mu, títí àwọn yóò fi pa á, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló gbọ́ tó wá sọ fún un. Pọ́ọ̀lù kò ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀, áńgẹ́lì mi wà níhìn-ín." Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ bá ọ̀gágun. Ọmọ ogun 200, ẹlẹ́ṣin 70, àti ọlọ́kọ̀ 200 ni wọ́n fi sìn ín jáde kúrò nínú ìlú ní òru ọjọ́ náà. Ó wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 23. Èyí fi hàn pé kíkó ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba kì í ṣe ojo.

Ìwọ ọmọ Kétu tó ń ka ìwé yìí, o ti rí Àkábà Ìdènà. Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n sì ṣe ẹnu ọ̀nà tó le bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1886 ogun Dàhómì wọ ìlú, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Odi kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ Kétu kan bú àwọn baba ńlá rẹ̀ pé wọ́n mọ odi.

Wàyí o, ti pé ká ti ilẹ̀kùn, ìyẹn rọrùn. Ìbéèrè ọmọ yẹn le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé mo lè gbé ọwọ́ sókè lu ènìyàn tí Ọlọ́run dá?

Àwọn kan yóò sọ pé Olúwa ní kí a yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, àbàrá ni Olúwa ń sọ. Àbàrá kì í ṣe ìbọn. Àbàrá ń ba ọlá ẹni jẹ́, èmi onígbàgbọ́ sì lè gbé ọlá mi sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Ẹni tó ń bọ̀ wá pa ìyàwó mi kì í ṣe ọlá mi ló ń bọ̀ wá gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kì í ṣe tèmi tí n óò fi máa yí i fún ẹlòmíràn. Ní òru tí wọ́n mú Jésù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní idà méjì, ó sì mọ̀ pé idà náà wà lọ́wọ́ wọn. Lúùkù orí 22 sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Pétérù fa tirẹ̀ yọ, tó gé etí ọmọ ọ̀dọ̀ olórí àlùfáà, Jésù dá a dúró, ó fọwọ́ kan etí náà, ó sì wò ó sàn. Ẹni tó wá mú un lọ pa ni o! N óò padà sórí etí yìí láìpẹ́.

Ábúráhámù pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n kó Lọ́ọ̀tì lọ, ó kó ọkùnrin 318 tí a bí nínú ilé rẹ̀ jọ, ó lépa wọn lóru, ó gba Lọ́ọ̀tì àti àwọn obìnrin padà. Nígbà tí wọ́n ní kó kó ẹrù, ó ní òun kò ní mú ohunkóhun, ìbáà ṣe fọ́nrán òwú tàbí okùn bàtà. Ènìyàn ló lọ jà fún. Kò jà fún ẹrù.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ènìyàn ni à ń jà fún. Alùpùpù kò ju alùpùpù lọ. Bí àwọn méjì bá fi ìbọn dá ọ dúró ní ọ̀nà oko, fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, fún wọn ní tẹlifóònù, fún wọn ní owó. Jẹ́ kí wọ́n máa rí ọwọ́ rẹ méjèèjì, má ṣe ti ọwọ́ bọ àpò lójijì, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ọ̀bẹ lo fẹ́ yọ. Má ṣe tẹ ojú mọ́ wọn, má sì sọ pé o mọ ilé bàbá wọn, kódà bí o bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó sì mú ìbọn lọ́wọ́, ohun kékeré lè mú kó yìn ín. Bí ọ̀nà àtisá bá wà, sá. Olúwa fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé bí wọ́n bá ń ṣe inúnibíni sí wọn ní ìlú kan, kí wọ́n sá lọ sí òmíràn. Bí wọ́n bá ti lọ, má lé wọn. Rántí aṣọ wọn, èdè tí wọ́n sọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà, kí o sì pe 117, nọ́ḿbà àwọn ọlọ́pàá.

Owó ìkórè tún wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé a ti rí mílíọ̀nù kan fráǹkì, lẹ́yìn náà a ó wá di owó ọ̀hún sínú àpò ráńgọ́, kí akápò gbé e lọ sílé lóru lórí zémidjan. Ẹ̀yin ará, àwa la ń pe olè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ dá owó dúró sí ọ̀sán, kí ènìyàn mẹ́ta gbé e lọ sí báńkì. Ìkan tún kù: ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ ní agogo méjì òru, tó ní òun ríran sí ọ, sọ fún un pé kó dúró de ojúmọ́. Ìran tó ti ọ̀run wá kò ní bà jẹ́ kó tó di àárọ̀.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà àtisá ńkọ́, tí wọ́n ti gba ẹrù, tí ẹ̀mí ló kù tí wọ́n ń wá? Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 22, ẹsẹ 2 àti 3. Òfin Mósè ní bí a bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń fọ́ ilé lóru, tí a lù ú tó sì kú, kò sí ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹni tó lù ú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là sórí olè náà, ẹ̀jẹ̀ wà. Òkùnkùn ni ìyàtọ̀ náà. Nínú òkùnkùn, o kò mọ ohun tó mú lọ́wọ́, o kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe, kò sí ẹni tí o lè ké pè. Nígbà tí oòrùn bá là, o rí i, àwọn ènìyàn wà, adájọ́ wà. Òfin ilẹ̀ Benin àti ti Togo kò jìnnà sí èyí. Ohun tí wọ́n ń pè ní "légitime défense" dá ẹni tó gbèjà ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn láre, bó bá jẹ́ ní àkókò tí ewu wà lórí rẹ̀ gan-an, tí kò sì ju ìwọ̀n ewu náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀san ló kù, òfin kò sì fi ẹ̀san lé wa lọ́wọ́. Bí o bá mú olè, fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

A ti rí ibi tí ẹ̀san ń gbé ìlú lọ. Ní ọdún 1999, ní apá Couffo níhìn-ín ní Benin, olè ni àwọn ènìyàn lára títí wọ́n fi tẹ̀lé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Colonel Dévi. Wọ́n ń mú àwọn tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ olè, wọ́n ń dáná sun wọ́n láìsí ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Àwọn kan láàárín wa pàtẹ́wọ́ nígbà náà, pé ọ̀nà ti mọ́. Èmi náà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àwọn mẹ́ta já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé mi. Ọ̀kan mú ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n gé lẹ́nu, ọ̀kan mú àdá. Mo fún wọn ní owó tó wà nílé, mo gbé rédíò fún wọn. Èyí tó mú àdá wá kọjá lára mi, ó ń lọ sí yàrá tí ìyàwó mi wà pẹ̀lú ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Ọmọ odó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé e, mo fi lù ú lápá, àdá bọ́. Mo tún lù ú lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Ìyàwó mi ń ké, ẹnì kan ti sáré lọ lu agogo ìjọ, àdúgbò jí. Àwọn méjì tó kù sá lọ. Ìbọn yẹn kò dún, Ọlọ́run ni mo fi ògo fún. Mi ò kábàámọ̀ ọmọ odó náà dòní. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yìí, n óò tún gbé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni tèmi wà. Wọ́n ti so ọkùnrin náà mọ́ ìdí igi máńgòrò. Oòrùn ti là, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, gbogbo ẹni tó ń lọ pọn omi ló ń lù ú. Mo wọ sùtánà mi, mo ń lọ dúpẹ́ nílé ìjọsìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, omi." Ọmọdé ni, kò tíì ní irùngbọ̀n. Mo gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ta sí apá aṣọ mi. Àwọn ènìyàn hó yèè, ẹnì kan sì ti lọ ra bẹntiróòlù inú ìgò létí títì, kpayo tí gbogbo wa mọ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n dà á. Mi ò sì sọ pé kí wọ́n má dà á. Mo dúró, mo dákẹ́, èmi tí mo ń lọ dúpẹ́.

Ìyá arúgbó kan ló ti ìrun òwúrọ̀ bọ̀, Mùsùlùmí ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ó gba inú èrò kọjá pẹ̀lú kẹ́tùlù tó fi ṣe àlùwàlá, ó fi sí ọmọ náà lẹ́nu, ó mu. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó fara ti igi náà, kò sọ̀rọ̀. Ta ni yóò da bẹntiróòlù sórí arúgbó? Ibẹ̀ ló jókòó sí títí àwọn sàǹdámù fi dé tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Ó yè, wọ́n dá a lẹ́jọ́, ó lọ sẹ́wọ̀n.

Ìyàwó mi fọ sùtánà náà, ó mọ́ nù. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ka ibi tí Olúwa ti fọwọ́ kan etí ọmọ ọ̀dọ̀ olórí àlùfáà, kẹ́tùlù ni mo máa ń rí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi wúwo nígbà tí ọmọ akọrin yẹn bi mí léèrè.

Mo ti dá a lóhùn báyìí. Mo ní: ti ilẹ̀kùn rẹ, gbàdúrà rẹ, gbé ẹrù fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ẹnì kan, gba ẹni náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ rẹ bá bà, títí wọn kò fi ní lè ṣe é mọ́, kí o sì dúró níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, báwo ni n óò ṣe mọ ìgbà tí mo gbọ́dọ̀ dúró, bí ara mi bá ń gbóná?" Mo ní òun gan-an ni ohun tí kí ó máa gbàdúrà fún láti ìsinsìnyí, kí òru náà tó dé, nítorí ní òru yẹn kò ní sí àyè.

Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀nyí. Láti ìsìn oṣù titun tó ń bọ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà yóò sùn sínú ilé ìjọsìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí ó mú ẹní àti aṣọ ìbora dání. Àwọn tó ń lọ sí apá kan náà yóò jọ rìn pọ̀, pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Ọkùnrin mẹ́fà yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì-méjì. Fèrè ni wọn yóò mú, wọn kò ní mú ìbọn. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí gbogbo ilé tó wà nítòsí tan iná, kí wọ́n sì pariwo. Ìkòkò omi yóò máa wà lẹ́bàá ibi tí àwọn olùṣọ́ bá jókòó sí, pẹ̀lú ife. Ọmọ akọrin yẹn ti fi orúkọ sílẹ̀, ó ku ènìyàn márùn-ún.